Ta Ló Tẹ Abúlé Etí Odò Dó? Ìdí Tí Ẹbí Méjì Fi Lè Jẹ́ Àkọ́dé Lẹ́ẹ̀kan Náà

Bí ẹ bá dé abúlé kékeré kan létí odò Ògùn, Ọ̀ṣun, Ọ̀bà tàbí Ọ̀yán, tí ẹ sì béèrè ẹni tó tẹ ibẹ̀ dó, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ìdáhùn méjì. Agbo ilé kan á ní ọdẹ ni bàbá ńlá àwọn, òun ló kọ́kọ́ débẹ̀. Agbo ilé kejì á ní ọdẹ kàn ń kọjá lọ ni, bàbá tàwọn ló ṣán igbó, ló kọ́lé, ló pe èèyàn wá. Nígbà mìíràn, àwọn ọmọ ẹni tó ń tu èrò sọdá odò á tún dá sí i, wọ́n á ní bí kò bá sí èbúté bàbá àwọn, ta ni ì bá mọ abúlé náà? Ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbọ́ irú èyí máa ń rò pé dandan ni kí ẹnì kan nínú wọn máa purọ́. Gbogbo wọn lè máa sọ òótọ́.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé a máa ń sọ̀rọ̀ ìtẹ̀dó bí ẹni pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Létí odò, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni, iṣẹ́ mẹ́rin ló sì wà nínú rẹ̀: kí ẹnì kan rí ibẹ̀, kí ẹnì kan dáko síbẹ̀ kó sì máa gbé ibẹ̀, kí ẹnì kan ṣí ojú ọ̀nà lórí omi, kí ẹnì kan sì gba oyè lé e lórí. Ẹnì kan lè ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀. Iṣẹ́ tí bàbá tiwọn ṣe ni ẹbí kọ̀ọ̀kan ń rántí, iṣẹ́ yẹn náà ni wọ́n ń pè ní ìtẹ̀dó. Bí a bá ti ya àwọn iṣẹ́ náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a ó rí i pé ìjà inú ìtàn wọ̀nyí kéré sí bí a ṣe ń rò ó.

Ọdẹ dé, kò sùn jù

Kò yẹ kó yani lẹ́nu pé ọdẹ ló máa ń ṣíwájú. Láti oṣù kejìlá sí oṣù kẹta, àwọn ìṣàn kéékèèké á gbẹ, iná á ti jó koríko, omi tó kù kò ní ju èyí tó wà nínú àwọn kòtò jíjìn inú odò ńlá lọ. Ibẹ̀ ni ẹranko ń wá mu omi ní ìrọ̀lẹ́ àti ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọdẹ tó bá mọ irú kòtò omi bẹ́ẹ̀ kò ní wá ẹran kiri mọ́. Kó lúgọ ló kù. Á fi igi àti imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ahéré sórí ibi tó ga díẹ̀, á to òkúta mẹ́ta ṣe ààrò, á kan pẹpẹ tí yóò máa yan ẹran lé. Bí òjò bá ti dé, omi á wà káàkiri, koríko á ga, ẹran á túká, ọdẹ náà á sì gba ilé lọ.

Ohun tó máa ń kù lẹ́yìn ọdẹ ni orúkọ àti ọ̀nà: orúkọ ìṣàn kan, orúkọ àpáta kan, orúkọ igi ńlá tí gbogbo èèyàn fi ń júwe, àti ipasẹ̀ tí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á tọ̀. Nǹkan ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ibì kan àti ẹni tó ń gbé ibẹ̀ yàtọ̀ síra, bí ẹnikẹ́ni bá sì ń kọ ìtàn abúlé sílẹ̀, kó má ṣe fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Àgbẹ̀ dé, ó ń lọ, ó ń bọ̀

Ohun tó ń fa àgbẹ̀ sétí odò ni àkùrọ̀, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ omi tí ọ̀rinrin rẹ̀ kì í tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ilẹ̀ òkè bá ti le gan-an, a ṣì lè gbin ẹ̀fọ́, ilá àti àgbàdo síbẹ̀, ẹrẹ̀ tí odò gbé wá nígbà tó kún ló sì ń sọ ilẹ̀ náà dọ̀tun. Ṣùgbọ́n àkùrọ̀ nìkan kò bọ́ abúlé. Iṣu kò fara da omi tó bá dúró sí i nídìí, ṣe ni yóò jẹrà nínú ebè. Nítorí náà, àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ máa ń wá ilẹ̀ méjì pọ̀: ilẹ̀ òkè fún iṣu, àkùrọ̀ fún ẹ̀ẹ̀rùn. Ibi tí méjèèjì bá ti sún mọ́ra ni abúlé ti ń dúró pẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí bèbè odò tó lọ jìnnà láìsí ilé kankan, kí ẹ tó dé ibì kan tí abúlé mẹ́ta ti sún mọ́ ara wọn.

Ohun kan wà níbí tí kì í yé àwọn tó dàgbà sí ìgboro. Ẹni tó ní abà létí odò lè lo oṣù mẹ́jọ níbẹ̀ lọ́dún, síbẹ̀ bí ẹ bá bi í léèrè ilé rẹ̀, Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ tàbí Abẹ́òkúta ni yóò dárúkọ. Ìlú ló ti ń ṣọdún, ìlú ló ti ń gbéyàwó, ìlú ni wọ́n sì ń gbé òkú rẹ̀ lọ. Abà náà lè wà bẹ́ẹ̀ fún ìran méjì láì di abúlé tó dá dúró. Ìbéèrè tó máa ń yanjú èyí jù lọ ni pé: ta ni wọ́n kọ́kọ́ sin síbí? Nígbà tí inú ilé ni a máa ń sin àgbà sí, sísin bàbá sí abà túmọ̀ sí pé àwọn ọmọ rẹ̀ ti gbà pé ibẹ̀ ni ilé. Ìbéèrè yìí dára ju "ta ló kọ́kọ́ dé" lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, nítorí ojú oórì ṣeé fi hàn, orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ kì í sì í tètè di ìgbàgbé.

Ibi tí ilé ń jókòó sí

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹsẹ̀ omi gan-an ni àwọn àkọ́dé ń kọ́lé sí. Àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò pẹ́ níbẹ̀. Odò ilẹ̀ Yorùbá máa ń ga lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nítorí òjò náà máa ń ga lẹ́ẹ̀mejì: nǹkan bí oṣù kẹfà sí ìkeje, lẹ́yìn náà oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Ti ẹ̀ẹ̀kejì ló sábà máa ń burú jù, torí ilẹ̀ ti mu omi yó, kò sí ibi tí òjò tuntun máa rì sí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ni àwọn tó ń wá ibùdó máa ń rìn, ìgbà tí odò wà nísàlẹ̀ tí yanrìn rẹ̀ funfun. Ẹni tó bá fi ojú ẹ̀ẹ̀rùn yan ilẹ̀ ilé, oṣù kẹsàn-án ni yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n máa ń wo igi kí wọ́n tó wo ilẹ̀. Pàǹtí tó há sórí ẹ̀ka, ìyẹn koríko gbígbẹ àti igi wẹ́wẹ́ tí ìṣàn gbé wá, ń sọ ibi tí omi ga dé lọ́dún tó kọjá tàbí ọdún tó ṣáájú. Ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ èèpo igi máa ń fi ìlà sílẹ̀ tí a lè fi ọwọ́ tọ́. Ibi tí ògùrọ̀ bá pọ̀ sí, ẹrẹ̀ ni lọ́dún yíká. Ìrókò kì í fẹ́ ibi tí omi ń rọ́gún sí. Ìlà tó ga jù lọ tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń kọ́lé sókè rẹ̀.

Èyí tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ ni pé omi kì í sábà gba iwájú wọ abúlé. Nígbà tí odò bá ṣàn kọjá bèbè, yanrìn tó wúwo ló kọ́kọ́ ń sọ̀ kalẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bèbè gan-an, ẹrẹ̀ tó fẹ́lẹ́ ló sì ń bá omi lọ sẹ́yìn. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, bèbè á di òkè kékeré, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì di ibi rírẹlẹ̀ tó kún fún amọ̀. Abúlé tó wà lórí òkè bèbè yẹn á rò pé òun bọ́, kí wọ́n tó rí i pé omi ti gba ibi rírẹlẹ̀ wọlé láti ẹ̀yìn, tó sì ti gé ọ̀nà oko. Ilé kò rì, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè jáde. Bákan náà, ibi tí odò bá ti tẹ̀ kọrọ, apá ìta ni ìṣàn ń jẹ, bèbè ibẹ̀ á máa ya lulẹ̀ lọ́dọọdún. Apá inú ni yanrìn ń kó jọ sí, ilẹ̀ á máa gùn sí i, omi á sì máa jìnnà sí i. Ibi tí àpáta bá ti dá odò dúró nìkan ni bèbè kì í yẹ̀. Ẹ wo àwọn abúlé etí odò tó ti pẹ́, nígbà púpọ̀ ẹ ó rí àpáta nítòsí.

Ilé fúnra rẹ̀ ní tirẹ̀. Ogiri amọ̀ kì í ṣeé mọ lẹ́ẹ̀kan: ipele kan, bí ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ sí méjì ní gíga, ni wọ́n ń mọ, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ipele mẹ́rin tàbí márùn-ún á tó ogiri. Bí wọ́n bá kánjú, ìsàlẹ̀ tí kò tíì gbẹ á fẹ̀ síta lábẹ́ ìwúwo òkè, ogiri á sì là. Nítorí náà, láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kan ni ilé gbọ́dọ̀ parí, àti òrùlé rẹ̀: koríko bẹẹrẹ ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ewé gbòdògì tàbí imọ̀ nínú igbó. Ìdí ogiri ni omi ń bá jà. Kò dìgbà tí ìkún omi bá wọ yàrá. Kó ṣáà rin ìdí ogiri fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, amọ̀ á rọ̀, ilé á sì wó lẹ́yìn tí omi ti lọ, nígbà tí gbogbo èèyàn rò pé ewu ti kọjá.

Èbúté

Àwọn abúlé kan wà tó jẹ́ pé oko kọ́ ló dá wọn sílẹ̀, ọ̀nà ni. Oníṣòwò tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn á wá ibi tí bèbè ti le ní apá méjèèjì, tí odò ti fún, tí ìṣàn kò sì le jù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á fi ẹsẹ̀ rìn ín kọjá. Nígbà òjò, ó di iṣẹ́ ẹni tó mọ omi.

Kí afárá tó dé, igbá ńlá ni wọ́n fi ń tu èrò lórí ọ̀pọ̀ nínú àwọn odò wọ̀nyí. Wọ́n á dí igbá náà pa kí omi má bàa ráyè wọ inú rẹ̀. Ẹrù á wà lórí igbá. Èrò á wọ inú omi, á fi apá méjèèjì gbá igbá mọ́ra. Atukọ̀ á dojú kọ ọ́ láti apá kejì, á di apá rẹ̀ mú, á sì máa fi ẹsẹ̀ lúwẹ̀ẹ́. Wọn kì í gbéra ní ọ̀kánkán ibi tí wọ́n ń lọ. Apá òkè odò ni wọ́n ti ń wọ omi, nítorí ìṣàn yóò máa gbé wọn wálẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọdá, wọ́n á sì gúnlẹ̀ síbi tí wọ́n fojú sí. Ẹni tó bá ṣi ibi ìgbéra yàn, ìṣàn á gbé e kọjá èbúté lọ síbi tí bèbè ti ga gègèrè, tí kò sí ibi àtigòkè.

Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Èrò kan, ẹrù díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan. Ẹgbẹ́ oníṣòwò tó pọ̀ lè lo odindi ọjọ́ kí gbogbo wọn tó kọjá, bí odò bá sì kún ju agbára atukọ̀ lọ, wọ́n á dúró dè é. Ẹni tó ń dúró ń jẹun, ó ń wá ibi sùn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń ta oúnjẹ ṣe ń dé, alágbẹ̀dẹ á tẹ̀lé e, ọjà á sì bẹ̀rẹ̀. Oníbodè náà á dé, ẹni tí ọba ìlú ńlá rán láti máa gba owó bodè. Láàárín ọdún díẹ̀, èbúté lè ní èèyàn ju abà tó ti wà nítòsí láti ìgbà pípẹ́ lọ.

Níbí ni àríyànjiyàn tó le jù ti ń wá. Èbúté kì í ní ẹ̀gbẹ́ kan. Méjì ló máa ń ní. Abúlé kan á wà lápá ìhín, òmíràn lápá ọ̀hún, orúkọ wọn lè jẹ́ ọ̀kan náà, kí ìlú tí wọ́n ń sìn sì yàtọ̀, kí ẹni tó tẹ̀ wọ́n dó sì yàtọ̀. Lẹ́yìn ìran mẹ́ta, àwọn ọmọ méjèèjì á máa sọ ìtàn "abúlé wa", ẹni tó ń gbọ́ kò sì ní mọ̀ pé ibi méjì ni wọ́n ń sọ. Ẹ máa béèrè ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń sọ kí ẹ tó béèrè ọdún.

Nígbà tí wọ́n ṣí ọkọ̀ ojú irin Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, tí ọ̀nà mọ́tò sì tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀ èbúté pàdánù èrò wọn. Àwọn kan padà di abà lásán. Àwọn mìíràn ṣí lọ sójú títì, wọ́n sì gbé orúkọ dání lọ, tó fi jẹ́ pé abúlé kan lè máa jẹ́ orúkọ odò tí ẹ kò ní rí nítòsí rẹ̀ rárá.

Ohun tó ń lé èèyàn kúrò

Àìsàn méjì ló lé abúlé etí odò púpọ̀ kúrò níbi tí wọ́n wà, wọ́n sì yàtọ̀ síra pátápátá. Ìkíní ni àrùn ojú fífọ́ ti etí odò. Kòkòrò dúdú kékeré kan tó ń jẹni lọ́sàn-án ló ń gbé e kiri. Omi tó ń sáré lórí àpáta ni kòkòrò náà ń yé sí, torí pé àwọn ìdin rẹ̀ nílò afẹ́fẹ́ inú omi tó ń ru, wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́ òkúta àti koríko inú ìṣàn. Aràn tí ìgéjẹ kòkòrò náà ń fi sí ara lè wà láàyè fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọ̀ ara á kọ́kọ́ máa yúnni, ojú á sì máa ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo bó ṣe rorò tó: ibi tó ní àpáta, tí mo sọ lókè pé bèbè rẹ̀ kì í yẹ̀, tí èbúté rẹ̀ sì dára, ibẹ̀ gan-an ni kòkòrò yìí fẹ́ràn. Kì í ṣe ọdún kan ni ewu náà ń fara hàn. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ á dàgbà, á ṣiṣẹ́, kí ojú rẹ̀ tó lọ ní àárín ọjọ́ orí, nítorí náà abúlé kan lè rí bí ibi tó dára fún ogún ọdún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé odò náà ń bínú.

Èkejì ni sòbìà, èyí tó jẹ́ pé omi tó dúró ló ti ń wá: adágún, kòtò tí wọ́n wa amọ̀ ogiri nínú rẹ̀, ibi tí odò pa tì nígbà tó fà sẹ́yìn. Ẹni tó bá mu omi náà láì sẹ́ ẹ ni yóò kó o, aràn náà á sì jáde lára rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà, ó gùn tó ìwọ̀n mítà kan nígbà mìíràn, a ó sì máa rọra fi igi ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ìgbà tí iṣẹ́ oko pọ̀ jù ló sábà ń dá èèyàn dùbúlẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 2013 pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà, ìyẹn sì jẹ́ ìtura ńlá fún àwọn abúlé wọ̀nyí.

Lẹ́yìn àìsàn ni ogun. Odò tó kún jẹ́ odi fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì jẹ́ ìdẹkùn fún ẹni tó ń sá: ní ogun Jálumi ní 1878, níbi tí Ìbàdàn ti ṣẹ́gun Ìlọrin, odò Ọ̀tìn gbé ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìlọrin tó ń sá lọ. Ṣùgbọ́n abúlé kékeré kò lè dá ogun dúró. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ibùdó ló tú, àwọn èèyàn sì wọ ìlú ńlá lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Abẹ́òkúta ṣe kún láti 1830, bẹ́ẹ̀ náà ni Ìbàdàn. Lẹ́yìn àdéhùn 1886 tó parí ogun Kírìjì, pàápàá lẹ́yìn 1893 tí àwọn ọmọ ogun tú ká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde padà sóko, kòkó sì fà wọ́n sí i. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé: ta ló padà? Nígbà mìíràn, ọmọ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Nígbà mìíràn, ẹlòmíì ló bá ahoro, tó ṣán an, tó sì kọ́lé sí i. Ẹni yẹn tẹ̀dó lóòótọ́. Ibi tó tẹ̀dó sí ló ti jẹ́ ilé ẹlòmíì rí.

Oyè ló wá kẹ́yìn. Nígbà tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí (èyí tó dá ogun Adúbí sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918), wọ́n nílò orúkọ ẹnì kan tí wọ́n á máa bi ní abúlé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó lè kó èèyàn jọ, tó sì lè bá aṣojú ìjọba sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Orúkọ inú ìwé yẹn ni àwọn kan ń gbé jáde lónìí bí ẹ̀rí ẹni tó tẹ abúlé dó. Ẹ̀rí pé ó jẹ́ olórí lọ́dún tí wọ́n kọ ọ́ ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí a ṣe ń yẹ ìtàn wò

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ahoro máa ń fi ara rẹ̀ hàn: àpáàdì, ọlọ tó ti jẹ, ààtàn tó dúdú, ọ̀pẹ tó ṣù jọ síbi kan, pèrègún tàbí akòko tí kò ṣeé ṣe kó dá hù ní àárín igbó. Àpáàdì létí odò ní ọgbọ́n tirẹ̀, nítorí omi lè gbé e wá láti abúlé mìíràn lókè. Ẹ wo etí rẹ̀. Bí etí bá mú, ibi tí ìkòkò ti fọ́ ló wà; bí etí bá ti kújú bí òkúta inú odò, ìṣàn ló yí i wá, kò sì jẹ́ ẹ̀rí fún ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni orúkọ àwọn èèyàn. Ìran kan jẹ́ nǹkan bí ọdún 25 sí 30. Bí ẹnì kan tí wọ́n bí ní 1950 bá lè ka bàbá, bàbá bàbá, títí dé ẹnì kẹrin, ẹnì kẹrin yẹn yóò ti jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí láàárín 1830 sí 1850, ó kéré tán. Mo ní ó kéré tán, nítorí àárín ni orúkọ ti ń já: a ń rántí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ àti àwọn tó sún mọ́ wa, àwọn tó wà láàárín sì ń bọ́. Ẹ má ṣe fi orúkọ baálẹ̀ ṣe ìṣirò yìí. Oyè máa ń lọ láti ẹ̀gbọ́n sí àbúrò, láti ojúlé kan sí èkejì. Baálẹ̀ mẹ́jọ lè jẹ láàárín ìran mẹ́ta. Ẹni tó bá sọ baálẹ̀ mẹ́jọ di ìran mẹ́jọ ti fi ohun tó ju ọ̀rúndún kan lọ kún ọjọ́ orí abúlé rẹ̀.

Ohun tó ń mú ọdún dúró ṣinṣin ni ìṣẹ̀lẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀. Ṣé wọ́n ti bí bàbá àgbà nígbà tí reluwé dé? Ṣé abúlé ti wà nígbà tí àwọn ará Òkèihò àti Ìsẹyìn bá ìjọba amúnisìn jà ní 1916? Ta ni àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn ńlá ti 1918 pa níbí? Oríkì orílẹ̀ náà wúlò, ṣùgbọ́n ibi tí ẹbí ti ṣẹ̀ wá ló ń sọ. Kò sọ ẹni tó ṣáájú nínú àwọn tó pàdé létí odò.

Ní ilé ẹjọ́, ọ̀rọ̀ náà ní ìlànà. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ka ọ̀nà márùn-ún tí a lè gbà fi hàn pé a ni ilẹ̀: ìtàn ìbílẹ̀, ìwé ilẹ̀, lílo ilẹ̀ bí ẹni tó ni ín fún ìgbà pípẹ́, gbígbé orí rẹ̀ pẹ́, àti níní ilẹ̀ tó so mọ́ ọn. Ọ̀kan péré tó bí ó bá fìdí múlẹ̀. Ẹni tó bá gbára lé ìtàn gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó tẹ ilẹ̀ náà dó, bó ṣe tẹ̀ ẹ́ dó, àti àwọn tó jogún rẹ̀ tẹ̀léra láìfo títí dé orí òun fúnra rẹ̀. Orúkọ àkọ́dé rọrùn láti sọ; bó ṣe tẹ̀dó àti àwọn tó wà láàárín ni ẹjọ́ ti ń ṣubú. Bí ìtàn méjì bá sì takora, tí méjèèjì dún bí òótọ́, ìlànà tó ti wà láti ẹjọ́ Kojo Kejì àti Bonsie ní 1957 ni pé kí adájọ́ má wo bí ẹlẹ́rìí ṣe sọ̀rọ̀ dáadáa tó, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún àìpẹ́. Ta ló ń san ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn ohun tí ẹni tó gba ilẹ̀ dáko ń san fún onílẹ̀, fún ta? Ta ló ń tọrọ àyè kó tó gbin kòkó tàbí obì? Ta ló ń kọ ọ̀pẹ tó wà lórí ilẹ̀ ẹlòmíì láìsí ìjà? Bí ẹbí atukọ̀ bá ti ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún ẹbí àgbẹ̀ lọ́dọọdún, ìyẹn lágbára ju ìtàn ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, tó gbé ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àkóso gómìnà, kò fòpin sí irú ẹjọ́ wọ̀nyí, nítorí a ṣì ní láti mọ ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti máa lo ilẹ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ ààlà ló kù. Àwọn ẹbí etí odò máa ń ní "ilẹ̀ wa dé odò", ó sì máa ń tó fún wọn títí odò á fi yà. Ìlànà òfin tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ya ìyípadà méjì sọ́tọ̀. Bí odò bá ń jẹ bèbè kan díẹ̀díẹ̀, tó ń kó yanrìn sí èkejì, ààlà á máa bá odò lọ. Bí ó bá ya lójijì, ní òru ìkún omi kan, tó gba ojú ọ̀nà tuntun, ààlà á dúró síbi tí odò wà tẹ́lẹ̀, bí ibẹ̀ tilẹ̀ ti di ilẹ̀ gbígbẹ. Nítorí náà, ẹbí tó bá fẹ́ wọn ilẹ̀ létí omi, kí wọ́n ní kí sọ́féyọ̀ ri òpó sìmẹ́ńtì sórí ilẹ̀ gíga tó wà lókè ìlà ìkún omi, kó sì kọ bí odò ṣe jìnnà sí òpó kọ̀ọ̀kan tó, pẹ̀lú oṣù àti ọdún tó wọ̀n ọ́n, nítorí odò oṣù kejì àti odò oṣù kẹsàn-án kì í fẹ̀ bákan náà.